Olú Abẹ́ Pẹpẹ Òdòdó

Òdòdó ni William Swayne ń gbìn tà. Ọ̀rọ̀ olú kò sí nínú òwò rẹ̀ rárá. Ó ní ilé onídígí kan ní Kennett Square, ìlú kékeré ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, níbi tó ti ń tọ́jú òdòdó carnation lórí pẹpẹ. Orí pẹpẹ ń mówó wọlé, abẹ́ rẹ̀ ṣófo, bẹ́ẹ̀ owó ni wọ́n fi ń mú gbogbo ilé náà gbóná nígbà òtútù. Ààyè tó ń ṣòfò yẹn ló ká a lára. Ní nǹkan bí 1885, wọ́n bá a gba irúgbìn olú wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ́ ìgbẹ́ ẹṣin sábẹ́ pẹpẹ, ó gbìn ín síbẹ̀. Olú hù. Kò pẹ́ tó fi kọ́ ilé tó jẹ́ ti olú nìkan, kó lè máa darí ooru àti ọ̀rinrin bó ṣe wù ú. Àwọn aládùúgbò rí i, àwọn náà kọ́ tiwọn.

Ẹlẹ́sìn Kristẹni ìjọ Quaker ni Swayne, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1861, àwọn ẹlẹ́sìn yìí ló ń fi ẹrú tó sá láti gúúsù pamọ́ sínú ilé wọn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ mi ní Philadelphia tí mo bá ń wá ẹni tí a ó jọ wakọ̀ lọ síbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ olú nìkan kì í mú ẹnikẹ́ni dìde nílé. Ìrìn bíi wákàtí kan ni. Kí ojú tó rí oko, imú á ti gbọ́ òórùn rẹ̀: ìgbẹ́ ẹṣin, koríko gbígbẹ, ṣúkù àgbàdo, tí wọ́n kó jọ tó ń gbóná fúnra rẹ̀ títí tó fi ń rú èéfín. Àwọn mìíràn tún ń da èèpo kóró kòkó mọ́ ọn. Ta ló mọ̀, bóyá kòkó Oǹdó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Faransé ló kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ yìí. Olivier de Serres ti kọ nípa bí wọ́n ṣe ń gbin olú sínú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ ní 1600. La Quintinie, olùtọ́jú ọgbà ọba Louis kẹrìnlá, gbìn ín fún ọba ní Versailles. Nígbà tó di nǹkan bí 1810, ará Paris kan tí wọ́n ń pè ní Chambry gbé e wọ abẹ́ ilẹ̀. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ Paris, abẹ́ Paris náà ni wọ́n ti wà á, ihò rẹpẹtẹ ló sì kù sílẹ̀ láìníṣẹ́. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ibẹ̀ tutù, ẹ̀rùn àti òtútù kò sì yàtọ̀ síra níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn ń parí lọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ olóko olú kó ẹrù, wọ́n gba etí odò Loire lọ.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé ìgbẹ́ ẹṣin ni òyìnbó fi ń gbin olú, wọ́n ní kí n má mú irú rẹ̀ wálé. Nílé tiwa, ta ní ń gbin olú? Òjò á rọ̀, èèyàn á lọ sídìí ògán, á bá a níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹnì kan gbìn ín. Ikán ni." Òótọ́ ni: ikán ń jẹ igi àti ewé gbígbẹ, ó ń kó o jọ sínú ògán, olú á hù lórí rẹ̀, ikán á sì máa fi ṣoúnjẹ. Èyí tí àwa ń rí lókè nígbà òjò, ara ọ̀gbìn ikán ni. Wọ́n ní ikán kì í ṣe ẹṣin, ọ̀rọ̀ tán. (Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa olú láàárín wa, kó wá iṣẹ́ tí B. A. Oso ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé jáde ní 1975.)

Olú tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbìn ní Kennett Square kò funfun. Ní 1926, ní oko Lewis Downing ní Coatesville tí kò jìnnà síbẹ̀, olú funfun báláú kan hù láàárín àwọn tó rẹ̀ dòdò. Downing sọ ọ́ dirúgbìn, àwọn oníbàárà sì gba funfun tọwọ́tẹsẹ̀. Ó di ìgbà 1980 sókè kí pupa tó padà gbayì, lórúkọ tó dún bí ti Ítálì: portobello. Olú kan náà ni, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ títí tí orí rẹ̀ fi là gbàgà. Ẹni tó sọ olú tó ti dàgbà jù di ọjà olówó gọbọi, ọlọ́gbọ́n ni!

Àwọn tó ń já a ni ìtàn sábà máa ń fò dá. Àwọn ará Ítálì ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ wọn sì di olóko. Àwọn ará Puerto Rico tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni àwọn ará Mẹ́síkò. Ọwọ́ kan á lọ́ olú kúrò ní ilẹ̀, ọ̀bẹ kékeré á gé ìdí rẹ̀, kíá, nínú òkùnkùn, iná lórí fìlà. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, olú lè tóbi ní ìlọ́po méjì, kò sì mọ Sunday. Ní 1993, àwọn òṣìṣẹ́ oko kan níbẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó ọ̀yà wọn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Portobello tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni mo máa ń kó ẹ̀fọ́ sí nínú nígbà Lẹ́ńtì, tí ilé wa kì í jẹran. Mo máa ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, kí n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. N kì í dà á nù. Omi ló pọ̀ jù lára olú, nítorí náà mo máa ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú ófùn 200°C fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí omi náà ro dànù. Tẹ̀tẹ̀ tí mo ti fún gbẹ, àlùbọ́sà, tàtàṣé, irú díẹ̀ àti ẹsẹ̀ olú, tí mo ti dín pọ̀, ni yóò wọ inú rẹ̀. Òyìnbó ń fi èérún búrẹ́dì bo orí rẹ̀. Gàrí tí mo fi epo díẹ̀ pò lèmi ń lò. Ó tún padà sínú ófùn títí gàrí á fi pọ́n.

Ní oko, ajílẹ̀ tí olú ti jẹ tán kì í ṣòfò. Wọ́n á fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò inú ilé olú, wọ́n á wa ajílẹ̀ jáde, onílé àti àgbẹ̀ á rà á. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ní tuntun, nítorí náà ìta ni a ń kó o sí kí òjò àti yìnyín fọ̀ ọ́. Tèmi wà lẹ́yìn ilé láti oṣù kẹwàá. Nínú oṣù karùn-ún ni mo máa gbin tẹ̀tẹ̀ sí i.