Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ojú lọ̀rọ̀ wà." Bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá wà láàrin ènìyàn méjì, wọn a jókòó kojú sí ara wọn. Àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tí òwe yìí wí. Wọ́n rí i pé etí nìkan kọ́ ni a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, àti pé ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà so ojú pọ̀ mọ́ etí a máa yí padà láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó.

Ní ọdún 1954, Sumby àti Pollack ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ sí etí àwọn ènìyàn láàrin ariwo. Bí ariwo náà ti ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni rírí ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ sí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé olùrànlọ́wọ́ etí lásán ni ojú.

Ṣùgbọ́n ní 1976, Harry McGurk àti John MacDonald ti Yunifásítì Surrey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn ohun ìyanu kan. Wọ́n fi ohùn tí ń wí pé "ba" sí ara àwòrán ẹnu tí ń wí pé "ga". "Da" ni àwọn tí ń wò ó gbọ́! Bí ènìyàn bá dijú, á gbọ́ "ba". Bí ó bá lajú, á tún di "da". Nínú ìdáhùn 100 tí àwọn àgbàlagbà fún wọn, 98 ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ti àwọn ọmọdé kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ a bí ìsopọ̀ yìí mọ́ni bí? Ní 1982, Kuhl àti Meltzoff rí i pé ọmọ ọwọ́ tí kò tí ì pé oṣù 5 a máa tẹjú mọ́ ojú tí ó bá ohùn mu. Ṣùgbọ́n nínú ọpọlọ ọmọ ológbò, Wallace àti Stein fi hàn ní 1997 pé ó tó bí ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn ìbí kí ìsopọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. A jẹ́ pé dídàgbà ni ó ń dàgbà.

Àwọn arúgbó wa ńkọ́? Ní 2006, Laurienti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí ìran àti ìró bá dé pọ̀, àǹfààní tí arúgbó ń rí nínú rẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Dublin tan iná lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì mú kí ìró dún lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn arúgbó tí ó máa ń ṣubú wí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni iná tàn, kódà nígbà tí àlàfo àárín ìró méjèèjì gùn. Ọpọlọ wọn ń so ohun tí kò yẹ kí ó so pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí Bàbá kò bá dá wa lóhùn, kí a má ṣe sọ pé orí kunkun ni wọ́n ń ṣe. Kí a má sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn máa pariwo mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a pa rédíò, kí a wọlé lọ bá wọn, kí a kúnlẹ̀ níwájú wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí a sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n rí ẹnu wa.