Rọ́ọ̀gì Aláfọwọ́hun: Ta Ló Yà Á, Ta Ló Hun Ún?

Láti ìgbà tí ìdílé méjì nínú ẹgbẹ́ wa ti sọ pé àwọn fẹ́ kí ahunṣọ kan bá àwọn hun rọ́ọ̀gì pálọ̀ tí yóò ní àmì aṣọ òfì ilé wa lára ni àwọn ènìyàn ti ń bi wá léèrè pé, irú àṣejù wo nìyí, ṣé kò sí rọ́ọ̀gì lọ́jà ni? Ọ̀rọ̀ náà mú kí a wo inú ìtàn. Ohun tí a rí níbẹ̀ dùn, ó sì tún dun ni.

Ní ọdún 1754, ahunṣọ kan tí ń jẹ́ Thomas Whitty, ará ìlú Axminster ní Devon, wá sí London. Ní Cheapside ni ó ti rí kápẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Tọ́kì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36, ìbú rẹ̀ jẹ́ 24, kò sì sí ojú rírán kankan lára rẹ̀. Èyí ni ó yà á lẹ́nu jù. Ẹni tí ó bá mọ òfì àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn yóò mọ ìdí rẹ̀: tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ ń jáde, rírán ni a óò rán an pọ̀ kí ó tó di agbádá tàbí ìró. Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè hun ohun tí ó fẹ̀ tó yàrá láìrán an?

Whitty padà sílé, ó ń dán an wò lórí òfì tí ó fi ń hun aṣọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 1755, ó rí ègé kékeré kan hun, bí íǹṣì 7 níbùú lóòró. Ó jọ ti Tọ́kì, ṣùgbọ́n ègé kékeré kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí Fulham, níbi tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Peter Parisot, ti dá ilé iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó ráyè wọlé, ó wo òfì wọn. Òfì náà kò dùbúlẹ̀ bí tirẹ̀. Ó nàró gangan bí férémù ìlẹ̀kùn. Àṣírí tú.

Kí a má parọ́, a rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á dé ibí. Irú òfì olóòró yìí ni àwọn ìyá wa àgbà máa ń gbé ti ògiri nínú ilé, tí wọ́n fi ń hun kíjìpá. Ti àwọn ọkùnrin ni ó ń dùbúlẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì kò kúkú jọra tán: kíjìpá kò ní irun lára, ṣùgbọ́n kókó ni wọ́n ń ta sí kápẹ́ẹ̀tì. Wọn a mú òwú irun àgùntàn, wọn a ta á mọ́ òwú méjì tí ó dúró lóòró, wọn a fà á le, wọn a gé e. Bí wọ́n bá ta kókó dé òpin ìlà, wọn a fi òwú mìíràn dábùú rẹ̀, wọn a gbá a mọ́lẹ̀, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun. Kókó kan, àwọ̀ kan. Nítorí náà, ohunkóhun tí ayàwòrán bá yà sórí pépà, onísùúrù lè ta á ní kókó.

Àwọn wo wá ni onísùúrù náà? Nígbà tí Whitty bẹ̀rẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹfà 1755, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó kó jókòó sí ìdí òfì, tí àǹtí wọn sì ń mójú tó wọn. Àwa tí a ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ogún ọdún ó lé mọ ohun tí ìjókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ ń ṣe fún ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn.

Robert Adam, ọmọ Scotland, ayàwòrán-ilé tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ítálì, wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù nínú kí kápẹ́ẹ̀tì bá yàrá mu. Á wo òdòdó àti àmì roboto tí òun fúnra rẹ̀ yà sí àjà, á wá ya irú rẹ̀ fún ahunkápẹ́ẹ̀tì, kí ilẹ̀ lè máa dá àjà lóhùn. Ní Saltram, lẹ́bàá Plymouth, ilé iṣẹ́ Whitty ni ó hun èyí tí Adam yà fún gbọ̀ngàn ńlá ní 1770. £126 ni wọ́n san. Ní Syon House, tí kò jìnnà sí àwa tí a ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn London, kápẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ó yà wà ní yàrá pupa. Wọ́n hun orúkọ Thomas Moore, onílé-iṣẹ́ ní Moorfields, àti ọdún 1769 sí i lára. Orúkọ ọ̀gá nìyẹn o. Orúkọ àwọn tí ó ta kókó kò sí níbẹ̀.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti Harewood House, nítòsí Leeds. Edwin Lascelles bẹ̀rẹ̀ ilé náà ní 1759, Adam sì ṣe ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì yàrá orin bá àjà mu rẹ́gí; ẹwà rẹ̀ kò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n ṣúgà Barbados àti òwò ẹrú ni ìdílé náà fi là. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ọdún 1830, ẹni tí ó jẹ́ Earl kejì ti Harewood gba owó gbà-má-bínú tí ó lé ní £26,000 lórí ẹrú 1,277. Àwọn ẹrú náà kò gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àjà, kí wọ́n wo ilẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí fún wọn kí ẹ tó lọ mu tíì.

Ilé iṣẹ́ Whitty jóná ní 1828, ó wọ gbèsè ní 1835, àwọn òfì rẹ̀ sì lọ sí Wilton. Èyí tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù lónìí lórúkọ Axminster, ẹ̀rọ ni ó ń hun ún.

Nípa ti ìdílé méjì wa, ìjà díẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan mú ẹtù ìyá wọn àgbà wá kí a ya àmì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn àgbà kan fárígá: ṣé aṣọ tí màmá fi ṣe ìyàwó ni ẹ ó máa fi bàtà tẹ̀? A rò ó títí, a sì gbà pé ẹ̀hónú wọn tọ́. Àwọ̀ ẹtù nìkan ni a mú, dúdú aró pẹ̀lú ìlà funfun tín-ín-rín, etí rọ́ọ̀gì ni a sì fi sí. Aṣọ gan-an yóò wà lára ògiri. Àwòrán náà yóò wà lórí tábìlì ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ahunṣọ béèrè ibi tí òun yóò hun orúkọ onílé sí. A ní kí ó kọ́kọ́ hun tirẹ̀ sí igun kan.