Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Ìbàràpá: Ohun Tí A Bá Tọ́jú Ni Í Pẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni

Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó pọ̀ lójú pópó, kí ọ̀kadà sì tó gba ìgboro, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Òun ni tíṣà ń gùn lọ sí ilé-ìwé, òun ni wolé-wolé fi ń lọ láti agboolé dé agboolé, òun náà ni àgbẹ̀ fi ń ru ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí wálé láti oko. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ti di irin tí a fi ti ògiri, tí adìyẹ ń wọ̀ sí lórí. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó epo bẹntiróòlù ti mú kí ẹni tó ní ọ̀kadà máa ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde nílé. Ó tó àkókò láti wo bí kẹ̀kẹ́ ṣe dé, ohun tó mú un pẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba, àti ohun tó lé e kúrò lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ náà, kẹ̀kẹ́, ti wà nínú èdè Yorùbá kí irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì yìí tó dé. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn ìyá àgbà ń pe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ran òwú. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n pe ọkọ̀ ogun tí ẹṣin ń fà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ tuntun yìí wá dé, wọ́n fi “ológeere” kún orúkọ rẹ̀, nítorí pé geere ló ń lọ. Kì í pariwo bí ọkọ̀, kì í sì í jẹ koríko bí ẹṣin.

Ilẹ̀ Yúróòpù ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1817, Karl von Drais, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi igi ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹni tó gùn ún ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kó tó lè lọ. Ní ọdún 1885, John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ oníṣéènì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jáde ní ìlú Coventry. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní ìlú Belfast, gbé táyà tí afẹ́fẹ́ ń gbé inú rẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ Raleigh ní Nottingham fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ kẹ̀kẹ́ tí ó tàn dé gbogbo ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ilẹ̀ Yorùbá náà kò sì gbẹ́yìn.

Ní Ìbàràpá, kẹ̀kẹ́ bá ààyè tó yẹ ẹ́ pàdé. Nígbà tí ojú irin láti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, kò wọ ìgboro Igbó-Ọrà, Erúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ tàbí Ìgàngán. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ̀. Àgbẹ̀ sì ni àwọn ará ibẹ̀. Àwọn àgbà tilẹ̀ ń sọ ọ́ nínú ìtàn pé ara ìbàrà, irúgbìn ẹ̀gúsí, ni orúkọ Ìbàràpá ti jáde. Ilé wọn wà nínú ìlú, oko wọn wà ní abà. Ẹrù tí ènìyàn kan ì bá rù lórí lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ̀kẹ́ kan a gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ kò ra irin lásán, àkókò ló rà.

Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe. Ní ọjọ́ ọdún, àwọn ọmọ a máa kó owó ọdún wọn lọ háyà kẹ̀kẹ́, wọn a sì gùn ún yí àdúgbò ká títí àkókò tí wọ́n san owó fún yóò fi pé. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó láti jókòó á ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin àárín, yóò sì máa wà á ní ìdúró bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ara tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orúnkún a bó, igbe a ta, ẹ̀rín a sì tẹ̀lé e. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó fọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń dán á máa rọra gùn ún kọjá níwájú ilé àwọn ojúgbà rẹ̀, agogo ọwọ́ rẹ̀ ń dún láti kí àgbà àti láti kìlọ̀ fún ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ìgbádùn yẹn kò ṣẹ̀yìn ìtọ́jú. Àwọn tó ni kẹ̀kẹ́ nígbà náà mọ̀ pé erùpẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Erùpẹ̀ pupa a máa lẹ̀ mọ́ epo ara ṣéènì títí yóò fi jẹ eyín irin. Nítorí náà, wọ́n á fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ṣéènì, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó kán ọ́ìlì sí i níwọ̀nba. Ẹni tó bá da ọ́ìlì jù ń pe erùpẹ̀ wá jẹun ni. Bí òjò bá pa kẹ̀kẹ́, wọ́n á nù ún gbẹ kí wọ́n tó sùn, kí ó má baà dípẹtà. Ní àsìkò ọyẹ́, abẹ́ òrùlé ni wọ́n ń gbé e sí, nítorí oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ a máa la táyà.

Bí túùbù bá jò, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú abọ́ omi. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Wọ́n á ha ojú ibẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pa á, wọ́n á sì ní sùúrù kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí wọ́n tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Ẹni tó bá kánjú lẹ̀ ẹ́ lónìí yóò tún un lẹ̀ lọ́la. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, sípóòkù ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe máa ń mú: yóò dẹ èyí, yóò fún tọ̀hún, títí yóò fi yí gún régé. Iṣẹ́ ojú àti etí ni, nítorí sípóòkù tó le dáadáa a máa dún bí okùn gòjé bí a bá fi ìka ta á.

Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ nítorí pé irin gidi ni wọ́n fi ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, irin gbọọrọ ló ń fa bíréèkì, kì í ṣe wáyà tó ń já. Bí ara rẹ̀ bá ṣẹ́, wẹ́dà àdúgbò lè jó o pọ̀. Ìdí nìyí tí baba fi lè fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ogún fún ọmọ.

Kí ló wá lé e lọ? Ní ọdún 1974, ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Owó Údọ́jì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ọ̀pọ̀ ni ó sì fi ra alùpùpù. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, alùpùpù di ọkọ̀ èrò, a sì ń pè é ní ọ̀kadà. Náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ti ọdún 1986, ohun èlò tó ń ti òkè òkun wá sì wọ́n. Ní ọdún 2002, Raleigh pàápàá dáwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣíṣe dúró ní Nottingham. Ní àárín gbogbo èyí, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo kẹ̀kẹ́ ti yí padà: ohun tó jẹ́ àmì ọ̀làjú fún baba di àmì òṣì lójú ọmọ. Bí oníbàárà ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ń kó irinṣẹ́ wọn nílẹ̀.

Nǹkan tún ti yí báyìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà kan, tí kò tó ₦200 ní ọ̀pọ̀ ilé epo ṣáájú ọjọ́ náà, kọjá ₦1,000 ní ọdún 2024. Òótọ́ ni pé ọ̀nà oko kò rí bíi ti àtijọ́. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu Ìgàngán lóru ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì sun ilé, ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ láti dá nìkan rìn. Ṣùgbọ́n ìgboro ṣì wà. Erúwà sí Lánlátẹ̀ kò jìnnà, láti ilé dé ọjà àti láti ilé dé ilé-ìwé kò ju ohun tí ẹsẹ̀ lè wà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà ti ń ṣe é láìsan kọ́bọ̀.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi fífún kẹ̀kẹ́ ní ìwé àṣẹ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló wà ní Ìbàràpá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Bí wọ́n bá fẹ́ gba owó lórí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ tún ojú ọ̀nà ṣe, kí wọ́n ya etí títì sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ àtúnṣe.

Àwọn àgbà tó mọ bí a ṣe ń fún sípóòkù ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ogbó ti ń dé sí wọn. Kí ọ̀dọ́ tó ní kẹ̀kẹ́ baba rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbé e tọ̀ wọ́n lọ nísinsìnyí, kí ìmọ̀ náà má baà bá wọn wọlẹ̀.