Ìgbẹ́jọ́ màgòmágó ìdánwò ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà

Ìgbẹ́jọ́ màgòmágó ìdánwò ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà ni ètò tí àwọn olùkọ́ àti àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń tẹ̀lé nígbà tí wọ́n bá fura sí akẹ́kọ̀ọ́ kan pé ó ṣe èrú nínú ìdánwò, nínú iṣẹ́ àṣetiléwá tàbí nínú iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Ètò náà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ń gba ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ olùbániwí kọjá, ó sì lè dé ilé ẹjọ́. Ohun méjì ni ó ń dáàbò bò: iyì ìwé ẹ̀rí tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún ni, àti ẹ̀tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè pàdánù iṣẹ́ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún nítorí ẹ̀sùn kan ṣoṣo.

Ìtumọ̀ àti oríṣiríṣi rẹ̀

Màgòmágó ìdánwò ni ìwà èrú èyíkéyìí tí ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì tí kò ṣiṣẹ́ fún. Lára rẹ̀ ni mímú ìwé pélébé tàbí fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, wíwo ìwé ẹlòmíràn kọ, rírán ẹlòmíràn lọ jókòó ṣe ìdánwò, àti gbígba ìbéèrè ìdánwò ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní "expo". Nínú iṣẹ́ àkọsílẹ̀, ó kan jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ láìdárúkọ ẹni tí ó ni ín, àti sísanwó fún ẹlòmíràn láti báni kọ iṣẹ́ àṣekágbá.

Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó ń dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Olùkọ́ tí ó gba owó tàbí ohun mìíràn kí ó tó fún ni ní máàkì, àṣà tí a mọ̀ sí "sọ́tìn" láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, náà jẹ̀bi màgòmágó.

Ìtàn

Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ sábà máa ń tọ́ka sí ọdún 1914, nígbà tí ìbéèrè ìdánwò Cambridge fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíráámà jáde ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn màgòmágó ìdánwò ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari ṣe Òfin Àṣẹ 20, èyí tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe màgòmágó ìdánwò. Òfin Àṣẹ 33 ti ọdún 1999, tí ó ti di Òfin Màgòmágó Ìdánwò, rọ ìjìyà náà. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 tí ó bá ṣe èrú lè san ìtanràn ₦100,000, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì pọ̀. Olùkọ́ tàbí olùbójútó ìdánwò tí ó bá lọ́wọ́ nínú èrú yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Òfin náà fi hàn pé ẹrù àgbà wúwo ju ti ọmọdé lọ.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú òfin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Ohun tí òwe yìí ń sọ ni Abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ di ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú: a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, àwọn tí yóò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìlànà yìí ti pẹ́ nínú ọ̀ràn yunifásítì. Ní ọdún 1723, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ pé Yunifásítì Cambridge kò ṣe dáadáa bí ó ṣe gba oyè ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ Richard Bentley láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà rán wọn létí pé Ọlọ́run pàápàá bi Ádámù léèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó lé e kúrò nínú ọgbà Édẹ́nì.

Ní Nàìjíríà, ẹjọ́ tí a ń tọ́ka sí jùlọ ni ti Garba àti àwọn mìíràn lòdì sí Yunifásítì Maiduguri, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní ọdún 1986. Rògbòdìyàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní oṣù kejì ọdún 1983 ni ó fa ẹjọ́ náà. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ba dúkìá jẹ́. Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ó sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Igbákejì gíwá ni alága ìgbìmọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé tirẹ̀ wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà kàn. Ilé ẹjọ́ sọ pé ẹni tí a ṣẹ̀ kò lè jẹ́ onídàájọ́, pé a kò gbọdọ̀ gba ẹ̀rí lẹ́yìn ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, àti pé bí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti ìwà ọ̀daràn bíi dídáná sun ilé, ilé ẹjọ́ ni ó ni ín, kì í ṣe ìgbìmọ̀ yunifásítì.

Ẹjọ́ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Níwọ̀n bí òfin 1999 ti sọ màgòmágó ìdánwò di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, àwọn agbẹjọ́rò akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jiyàn pé yunifásítì kò lè fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi. Èsì àwọn yunifásítì ni pé ìlànà ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tọwọ́ bọ̀wé sí nígbà tí ó wọlé ni àwọn ń tẹ̀lé, àti pé àwọn kò rán an lọ sẹ́wọ̀n.

Ẹjọ́ mìíràn tí ó ṣe pàtàkì ni èyí tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní ọdún 2006 láàárín Yunifásítì Ìlọrin àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n lé kúrò nítorí màgòmágó ìdánwò. Yunifásítì ni ó borí. Ilé ẹjọ́ sọ pé lílé tí wọ́n lé e gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀ dá lé, nítorí náà kò yẹ kí ó gba ọ̀nà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wá. Ó tún yẹ kí ó kọ́kọ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn síwájú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ yunifásítì. Ẹ̀kọ́ inú ẹjọ́ méjèèjì fara jọra: ọ̀nà tí a gbà ṣe ìdájọ́ lè gbé olùfisùn tàbí olùjẹ́jọ́ ṣubú, kí a tó débi bóyá èrú wáyé tàbí kò wáyé.

Ìgbésẹ̀ tí olùkọ́ ń gbé

Ìlànà yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti yunifásítì kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí wọ́pọ̀:

1. Olùbójútó ìdánwò máa ń gba ohun tí ó rí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, á kọ àkókò àti ibi ìjókòó sílẹ̀, á sì pe olùbójútó mìíràn láti jẹ́rìí.
2. A máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní fọ́ọ̀mù láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́, a ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.
3. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà ń parí ìdánwò rẹ̀ nínú ìwé ìdáhùn tuntun. Ìfura kì í ṣe ìdálẹ́bi, bí a bá sì lé e jáde tí a wá rí i pé kò jẹ̀bi, àkókò tí ó pàdánù kò ṣeé dá padà.
4. Olùbójútó fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, òun náà sì fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ka ńlá tí a ń pè ní díìnì.
5. Ìgbìmọ̀ olùbániwí fi ìwé pe akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn, ọjọ́ àti ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀, kí ó lè múra sílẹ̀.
6. Ìgbìmọ̀ gbọ́ tẹnu olùfisùn àti ti olùjẹ́jọ́ níwájú ara wọn, wọ́n sì fi àbá ránṣẹ́ sí Sẹ́nétì tàbí gíwá, tí ó ní agbára ìbáwí.
7. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ.

Ohun tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo. Kò gbọdọ̀ dá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní òdo nítorí ìfura. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba, kò sì gbọdọ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi sùn. Bákan náà, fífi ojú fo èrú dá kì í ṣe àánú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe èrú ni ó ń fìyà jẹ.

Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ àti ọgbọ́n àtọwọ́dá

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìfura ti yí padà. Ìwé pélébé ṣeé mú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àròkọ tí ẹ̀rọ kọ kò ní àmì tí ojú lè rí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò jáde tí ó ń sọ ìdá tí ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ nínú iṣẹ́ kan. Ní oṣù keje ọdún 2023, OpenAI, tí ó ṣe ChatGPT, kó ẹ̀rọ ayẹ̀wò tirẹ̀ kúrò nílẹ̀ nítorí pé kò péye tó. Ní ọdún kan náà, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford fi àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje wò. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe iye tí ó ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, nígbà tí ènìyàn ni ó kọ gbogbo wọn.

Àbájáde yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá, Haúsá tàbí Ìgbò ni ó fi mu ọmú. Turnitin pàápàá kìlọ̀ pé kí olùkọ́ má fi iye tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni èyí tí olùkọ́ lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu wá: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú àwọn ìwé ìṣáájú rẹ̀ wá, kí ó ṣàlàyé bí ó ṣe dé ibi tí ó dé, kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú ìwé tí ó tọ́ka sí. Ẹni tí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà kùnà nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní agbègbè Òkè-Ògùn

Òkè-Ògùn jẹ́ agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní Ṣakí ni Ilé Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Òkè-Ògùn wà, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ka Ilé Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Ìbàdàn kí ó tó dá dúró. Ní Ìṣẹ́yìn, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, tí a dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1990, ṣí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọdún 2022. Orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì: ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ níbi tí yunifásítì ti ní Sẹ́nétì. Abala 36 kan náà ni ó de gbogbo wọn.

Ní irú àwọn ìlú báyìí, ẹnìkan ṣoṣo lè jẹ́ olùkọ́, onílé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí akẹ́kọ̀ọ́. Ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá kí òbí, olóyè tàbí àlùfáà wá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ bá. Ẹ̀bẹ̀ ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú ìgbìmọ̀ ni ààyè náà, lẹ́yìn tí a bá ti mọ òótọ́, nígbà tí a bá ń wọn ìjìyà. Ẹ̀bẹ̀ tí a bá lọ ṣe nílé olùkọ́ lóru kí ìwé ẹ̀sùn lè sọnù ti di màgòmágó mìíràn. Ọmọ ẹgbẹ́ ìgbìmọ̀ tí ó bá jẹ́ ẹbí tàbí ọ̀tá akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì dìde.

Ìjìyà

Ìjìyà tí ó wọ́pọ̀ ni ìwé ìkìlọ̀, fífagi lé èsì iṣẹ́ kan, dídá akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún sáà kan tàbí méjì, àti lílé kúrò pátápátá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kàwé jáde kí àṣírí èrú tó tú, yunifásítì lè gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ padà. Òwe àwọn àgbà pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra hàn nínú ìyàtọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìlànà fi sáàárín ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ àti ẹni tí ó sọ ọ́ di ìṣe. Bí a kò bá rí ẹ̀rí tí ó dúró, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò jẹ̀bi, kí a sì gbé èsì ìdánwò rẹ̀ jáde.