Bí Bátìrì Katakata Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa
Ní 1859, Gaston Planté, ará ilẹ̀ Faransé, ri òjé pẹlẹbẹ méjì sínú omi ásíìdì: bátìrì àkọ́kọ́ tí a lè tún ṣáájì nìyẹn. Ní 1881, Camille Faure fi ìyẹ̀fun òjé tí a pò kun irú òjé bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Síbẹ̀, irin ni awakọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnnì (ó ṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn lápá!) kí mọ́tò Cadillac tó fi bátìrì ṣíná ní 1912.

Àpòpọ̀ òjé yẹn ni ìgbọ̀n katakata ń gbọ̀n dànù. Èyí tí òjé rẹ̀ nípọn ni kí ẹgbẹ́ yín rà, kí ẹ sì dè é pinpin. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é: èyí tó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù láìṣáájì ti ń kú, bó tilẹ̀ ń dán.