Gammalin: Oògùn Kòkó Tí Kì Í Tètè Tán Nínú Omi

Tẹ́ ẹ bá ní àgbà kan ní Èjìgbò tàbí agbègbè rẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ lóko kòkó rí, ẹ bi í nípa Gammalin 20.

Lindane ni oògùn inú rẹ̀. Faraday ló kọ́kọ́ ṣe irú èròjà náà ní London lọ́dún 1825. Ọ̀yọ́ Ilé kò tíì tú nígbà yẹn! Van der Linden, ará Netherlands, ló ya èyí tó lágbára sọ́tọ̀ lọ́dún 1912. Nígbà tó yá, òun ni wọ́n ń fọ́n sí kòkó níbí nítorí kòkòrò tó ń fa omi ara èso mu. Ó pa wọ́n lóòótọ́. Owó kòkó rán ọ̀pọ̀ òbí wa nílé-ẹ̀kọ́, nítorí náà mi ò ní bú u tán.

Kí ló dé tí kì í tètè tán? Ọ̀kánjúà ni chlorine. Bó bá so mọ́ carbon, á máa fa electron tí wọ́n jọ ni sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àmọ́ bí carbon bá ní àwọn ẹgbẹ́ alkyl lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi methyl, wọ́n á máa ti electron díẹ̀ sí i, bí ẹbí ṣe ń dáwó fún ẹni tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́. Hughes àti Ingold ló tú èyí palẹ̀ láwọn ọdún 1930: bí methyl mẹ́ta bá yí carbon ká, omi lè gba chlorine lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, torí carbon ní alátìlẹ́yìn.

Nínú lindane, carbon mẹ́fà dì mọ́ra bí òrùka, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú chlorine tirẹ̀. Nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti jẹ gbèsè, ta ni yóò yá ta lówó? Ìdí kan nìyẹn tí omi lásán kì í fi í tètè tú u.

Bẹ́ẹ̀, inú omi gan-an làwọn kan ń dà á sí, láti fi pẹja. Ẹja á léfòó, wọ́n á kó o lọ sọ́jà. Ọ̀rá ni lindane máa ń sá sí, ó sì ń bá ọ̀rá ẹja wọnú ọbẹ̀.

Lọ́dún 2009, Àdéhùn Stockholm, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi lindane sára àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Síbẹ̀, mo rí agolo rẹ̀ kan tó ti dípẹtà lábúlé kan láìpẹ́ yìí. Wọ́n fi ń bu omi fún adìẹ.