Ọkà, Họ́ọ̀pù àti Ìwúkàrà: Ìtàn Ọtí Lágà láti Bavaria dé Èkó



Ní oṣù kìíní ọdún 1988 ni òfin ìjọba ológun Nàìjíríà tí ó ka kíkó mọ́ọ̀tì ọkà báálì wọlé láti òkè òkun léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀. Ohun tí à ń pè ní mọ́ọ̀tì kò ju ọkà tí a rẹ sínú omi títí ó fi hù, tí a sì fi ooru dá híhù rẹ̀ dúró. Mọ́ọ̀tì ọkà báálì ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí wa gbójú lé láti ọdún 1949, nígbà tí ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì fi ń rà á. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí owó ilẹ̀ òkèèrè sì di ọ̀wọ́n, ìjọba ní kí àwọn apọntí lọ wá ọkà tiwọn nílé.

Ìbéèrè tí òfin náà gbé kalẹ̀ rọrùn láti bi, kò sì rọrùn láti dáhùn: bí a bá yọ ọkà báálì kúrò nínú ọtí lágà, ǹjẹ́ lágà ni yóò ṣì máa jẹ́? Yàtọ̀ sí omi, nǹkan mẹ́ta ni apọntí lágà ń wọ̀n pọ̀: mọ́ọ̀tì tí ń fún ọtí ní adùn àti ara, họ́ọ̀pù tí ń fún un ní ìkorò àti òórùn dáradára, àti ìwúkàrà tí ń sọ adùn di ọtí. Ẹni tí ó bá gbà pé ọkà ni olórí nínú àwọn mẹ́ta yìí yóò dáhùn pé lágà ti kú ní Nàìjíríà ní ọdún 1988. Èrò tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn ni mo sì fẹ́ fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Mọ́ọ̀tì kì í ṣe àjèjì sí wa, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ àjèjì. Àwọn ìyá wa tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ a máa rẹ àgbàdo, wọn a fi ewé bò ó títí yóò fi hù, wọn a sá a sí oòrùn, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì sè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ṣe ń fi ọkà bàbà pọn bùrùkùtù àti pítò. Nígbà tí irúgbìn bá ń hù, àwọn ohun kan a máa jí nínú rẹ̀ tí ń sọ ìyẹ̀fun inú ọkà di ṣúgà, èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Àwọn ìyá wa kò pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé àgbàdo tí kò hù kì í ṣe ọtí tí ó dára. Ohun tí kò sí nínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni họ́ọ̀pù. Ohun tí ó wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ èròjà ni ìwúkàrà, nítorí inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná àti ara ìkòkò ni ó ń gbé.

Àwọn ará Bavaria ní gúúsù Jámánì pẹ̀lú kò kà á mọ́ èròjà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1516, ní ìlú Ingolstadt, àwọn ọmọ ọba méjì tí ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà, Wilhelm Kẹrin àti Ludwig Kẹwàá, gbé òfin jáde pé ọkà báálì, họ́ọ̀pù àti omi nìkan ni kí a máa fi pọn bíà. Òfin náà kò dárúkọ ìwúkàrà rárá. A sábà máa ń gbọ́ pé àìmọ̀kan ni ó fà á. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn apọntí àti àwọn oníbúrẹ́dì ayé ìgbà náà mọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ohun alààyè ni. Lójú wọn, ohun tí ọtí ń bí ni, kì í ṣe ohun tí ń bí ọtí.

Ní ti họ́ọ̀pù, òdòdó ewéko kan tí ń fà bí iṣu ni. Hildegard ti ìlú Bingen, obìnrin ẹlẹ́sìn tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejìlá, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkorò rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohun mímu tètè bàjẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni họ́ọ̀pù ń ṣe: ó ń dáàbò bo ọtí, ó sì ń dojú kọ adùn mọ́ọ̀tì kí ó má baà rin ni.

Òfin tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ti 1516, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1553, Bavaria kan náà pàṣẹ pé kí a má ṣe pọn bíà láàárín ọjọ́ 23 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án. Bíà ìgbà ooru a máa kan, a sì máa fa ẹjọ́. Àwọn apọntí wá ń pọn tiwọn nígbà òtútù, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú omi dídì títí ìgbà ooru yóò fi dé. Láti inú ọ̀rọ̀ Jámánì tí ó túmọ̀ sí kí a tọ́jú nǹkan pamọ́ ni orúkọ lágà ti jáde. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin yìí ṣe láìmọ̀. Ìwúkàrà bíà àtijọ́ a máa fẹ́ ooru, a sì máa léfòó sókè nígbà tí ọtí bá ń hó. Nínú òtútù, agara a dá a. Èyí tí ó lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù, tí ó sì ń rì sí ìsàlẹ̀, ni ó ń borí lọ́dọọdún, òun náà ni apọntí ń gbọ́n láti ìsàlẹ̀ àgbá fún ọtí tí ó kàn. Ìjọba rò pé òun ń ṣe òfin lórí ìgbà, ó ṣe é lórí irú ìwúkàrà.

Níbo ni ìwúkàrà olótùútù yìí ti wá? Ní ọdún 2011 ni àwọn olùwádìí kéde pé àwọn rí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì lára igi inú igbó Patagonia, ní Ajẹntínà. Wọ́n sọ ọ́ ní Saccharomyces eubayanus. Òbí kejì ni ìwúkàrà tí gbogbo oníbúrẹ́dì mọ̀. Lẹ́yìn náà ni a tún rí eubayanus ní Tibet àti ní Ireland. Àdàlù ni ìwúkàrà lágà, bí ìbáákà tí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jọ bí.

Ìlú Pilsen ní ilẹ̀ Bohemia ni ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọ́kọ́ ṣe déédé ní ọ̀nà tí ayé mọ̀ lónìí. Ìtàn ìlú náà sọ pé ní ọdún 1838, wọ́n da àgbá ọtí 36 tí ó ti bàjẹ́ nù ní gbangba níwájú gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti pọntí pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé ọtí tuntun, wọ́n sì mú apọntí kan wá láti Bavaria, Josef Groll. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1842 ni ó pọn ọtí rẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó lo mọ́ọ̀tì tí a yan ní ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, láìjẹ́ kí èéfín kàn án, tí ó sì funfun ju ti Bavaria lọ. Ó lo họ́ọ̀pù ìlú Saaz, tí òórùn rẹ̀ tutù, tí ìkorò rẹ̀ kò sì le. Ó lo ìwúkàrà olótùútù ti Bavaria. Omi Pilsen fúyẹ́ gidigidi, kò ní efun nínú, èyí sì jẹ́ kí ó lè da họ́ọ̀pù púpọ̀ síi láìsí pé ìkorò náà ń ha ni lọ́fun. Omi Munich ní tirẹ̀ kún fún efun. Ìdí nìyí tí àwọn ará Munich fi pẹ́ nídìí mọ́ọ̀tì dúdú àti họ́ọ̀pù díẹ̀.

Síbẹ̀, ìwọ̀n Pilsen kò bá fìdí múlẹ̀ bí kì í bá ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Copenhagen. J. C. Jacobsen gba ìwúkàrà ní ilé ọtí Spaten ní Munich ní ọdún 1845, ó sì ń da omi tútù sí ìgò rẹ̀ lójú ọ̀nà ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin bá ti dúró, títí ó fi dé ilé. Ní 1847 ó dá Carlsberg sílẹ̀, ní 1875 ó sì dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1883, Emil Christian Hansen yanjú ìṣòro tí ń ba àwọn apọntí lọ́kàn jẹ́: ó yọ ẹyọ ìwúkàrà kan ṣoṣo kúrò láàárín ọ̀pọ̀, ó sì tọ́ ọ títí ó fi kún àgbá. Ó fi hàn pé irú ìwúkàrà àjèjì tí ó yọ́ wọlé ni ó ń ba ọtí jẹ́, kì í ṣe mọ́ọ̀tì tàbí họ́ọ̀pù. Jacobsen kò fi ọgbọ́n náà pamọ́. Ó jẹ́ kí ó tẹ àwọn apọntí mìíràn lọ́wọ́. Nígbà tí ó fi máa di àkókò yìí, ẹ̀rọ amúǹkan-tutù tí Carl von Linde ṣe ní àwọn ọdún 1870 ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò omi dídì inú ihò. Láti ìgbà náà ni a ti lè pọn lágà ní ìlú olóoru, Èkó náà kò sì yọ sílẹ̀.

Lónìí, ẹni tí ó fẹ́ pọn lágà nínú ilé ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò ìwé àṣẹ láti ọdún 1963. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni ààrẹ Carter fọwọ́ sí òfin tí ó yọ̀ǹda rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá fẹ́ pọn lítà 20 ní àwòṣe Pilsen, yóò wọn mọ́ọ̀tì funfun bíi kílò 4 ààbọ̀ àti họ́ọ̀pù Saaz láti gíráàmù 80 dé 100. Bí ó bá fi mọ́ọ̀tì kún un, ó yẹ kí ó fi họ́ọ̀pù kún un pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìwúkàrà. Nítorí òtútù, ó ń fẹ́ ìlọ́po méjì iye tí bíà olóoru ń fẹ́. Bí ó bá kéré, tàbí bí ara rẹ̀ kò bá le, yóò sinmi kí adùn tó tán, yóò sì fi òórùn kan bíi ti bọ́tà sílẹ̀ nínú ọtí. Ìwọ̀n mọ́ọ̀tì àti họ́ọ̀pù tí a ti fi ẹ̀sọ̀ kọ sínú ìwé di asán nìyẹn, nítorí ìwúkàrà ni ó ń pinnu iye adùn tí họ́ọ̀pù yóò bá jà. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, a ó jẹ́ kí ó hó ní ìwọ̀n 10 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn náà a ó tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù tí ó sún mọ́ òdo fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pẹ̀lú òye yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 1988. Ọkà bàbà fún àwọn apọntí wa níṣẹ́ ṣe. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń fẹ́ ooru tí ó ju ti báálì lọ kí ó tó yọ̀, ooru náà sì ni ń pa ẹ́ńsáìmù inú mọ́ọ̀tì. Mọ́ọ̀tì ọkà bàbà kò tilẹ̀ ní ẹ́ńsáìmù púpọ̀ tó ti báálì. Kò ní èèpo bíi ti báálì tí ó lè ṣe asẹ́, nítorí náà ó ń dí àwọn agbada ìsẹ́tí àtijọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ra ẹ̀rọ asẹ́ tuntun, wọ́n sì ń ra ẹ́ńsáìmù láti òkè òkun. Ó yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò: apá kan nínú owó tí òfin náà fẹ́ dá padà tún gba ẹnu ọ̀nà mìíràn jáde. Họ́ọ̀pù pẹ̀lú kò yéé ti òkèèrè wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wa ti dán orógbó àti ewúro wò ní ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú àgbá, nǹkan kan kò yí padà. Ìwúkàrà tí ń rì sí ìsàlẹ̀ ni ó jẹ ṣúgà ọkà bàbà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jẹ ti báálì, nínú òtútù kan náà. Ara ọtí náà lè fúyẹ́ díẹ̀, ìfóófòó rẹ̀ sì lè má pẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lágà ni. Nígbà tí a tún fàyè gba mọ́ọ̀tì báálì kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí, àwọn ilé iṣẹ́ wa kò kọ ọkà bàbà sílẹ̀. Wọ́n ń lò ó títí di òní, wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìhà àríwá tí kò ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọdún 1988. Bí ọtí kan bá sì ti hó tán, wọ́n ń gbọ́n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àgbá fún èyí tí ó kàn.